Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí: Ọmọ Rẹ́mọ tí ó Wádìí Ìgbọ̀nrìrì Ilẹ̀

Láàárín Ìjẹ̀bú-Òde àti ọ̀sà Èkó ni ilẹ̀ Rẹ́mọ wà. Ṣágámù ni olú-ìlú rẹ̀, níbi tí àwọn ìlú mẹ́tàlá ti parapọ̀ jókòó sí ojú kan ní ọdún 1872 láti lè dáàbò bo ara wọn, tí Akárìgbò sì jẹ́ ọba wọn. Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹru, Ìlíṣàn, Òde Rẹ́mọ àti Ìpara ń bẹ ní òkè. Ìkòròdú ni ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, létí omi. Ìtàn àwọn ará Ìkòròdú sọ pé ọmọ ọba láti ilé Akárìgbò wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ ìlú náà dó, àti pé oko odù tí wọ́n bá níbẹ̀ ni ó di orúkọ ìlú. Láyé àtijọ́, púpọ̀ nínú ẹrù tí ó ti òkè wá ní láti gba Ìkòròdú kí ó tó bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Nígbà tí ìjọba dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967, Èkó ni Ìkòròdú bọ́ sí. Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́ sì di ara Ìpínlẹ̀ Ògùn ní ọdún 1976. Ààlà ìjọba pín wọn, ṣùgbọ́n kò pa okùn ìbátan tí ó wà láàárín wọn já.

Ìkòròdú yìí ni baba Ayọ̀délé Awójọbí ti wá. Àwọn kan mọ Awójọbí sí ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ tí ń sáré síwájú sẹ́yìn. Àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n sí alátakò tí kì í bẹ̀rù ìjọba. Ohun tí ó sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. Ìwádìí lórí bí ilẹ̀ ti ń gbọ̀n lábẹ́ ohun tí ó wúwo ni, iṣẹ́ tí ó wà ní ibi tí ìmọ̀ físíìsì, ìṣirò àti iṣẹ́ ẹ̀rọ ti pàdé, tí ó sì jẹ́ pé kálàmù àti àròjinlẹ̀ ni a fi ń ṣe é ju òòlù lọ. Bí a bá wo gbogbo ayé rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ náà, a óò rí i pé ìlànà kan ṣoṣo ni ó tẹ̀ lé: níbi tí ìṣirò bá ti lè sọ òdodo, kò gbà kí a fi ojú díwọ̀n.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ní Ọ̀ṣọ́dì ni wọ́n bí i ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 1937. Baba rẹ̀, Olóyè Daniel Adékọ̀yà Awójọbí, jẹ́ ọ̀gá ibùdókọ̀ nínú iṣẹ́ rélùwéè. Ìyá rẹ̀, Comfort Bámidélé, jẹ́ oníṣòwò wẹ́wẹ́, ará Mọ́dákẹ́kẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀. Iṣẹ́ tí aago ń darí ni iṣẹ́ rélùwéè. Ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ dé àti ìṣẹ́jú tí ó gbéra ni ọ̀gá ibùdókọ̀ ń kọ sínú ìwé, àṣìṣe kékeré sì lè mú kí ọkọ̀ méjì pàdé lójú irin kan. Ilé irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ti jáde.

Ilé-ẹ̀kọ́ St. Peter's ní Fàájì, ní Èkó, ni ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1942 títí di 1947. Láti ibẹ̀ ni ó ti wọ CMS Grammar School, ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó pẹ́ jùlọ ní Nàìjíríà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1859. Bí ó ti mọ ìṣirò náà ni ó mọ ìwé kíkà àti eré ìtàgé. Ìtàn kan kò kúrò lẹ́nu àwọn tí ó mọ̀ ọ́n: nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà fẹ́ ṣe eré Macbeth tí Shakespeare kọ, tí àìsàn sì dá olórí òṣèré dúró, Awójọbí ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ó kọ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó sì kọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ìyókù mọ́ ọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń rán àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ létí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sọnù mọ́ wọn lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Macbeth.

Ní ọdún 1955 ó ṣe ìdánwò àṣejáde girama, ó sì gba àmì ìtayọ nínú ẹ̀kọ́ mẹ́jọ. Láti ọdún 1956 di 1958 ó wà ní Nigerian College of Arts, Science and Technology ní Ìbàdàn, níbi tí ó tún ti gba àmì ìtayọ nínú físíìsì àti nínú ẹ̀ka ìṣirò méjèèjì tí ó kọ́. Ìjọba àpapọ̀ fún un ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti lọ kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ẹ̀ka ilé-ẹ̀kọ́ kan náà tí ó wà ní Zaria, ibi tí ó di Yunifásítì Ahmadu Bello ní ọdún 1962. Ní ọdún náà gan-an ni ó gba oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ipò kìn-ín-ní. Ìjọba tún fún un ní ẹ̀bùn mìíràn, ó sì wọkọ̀ lọ sí Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1966.

Ìwádìí Rẹ̀ Lórí Ilẹ̀ tí ń Gbọ̀n

Ìbéèrè tí ó dojú kọ ní Lọ́ńdọ̀nù kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti gbé inú agbo-ilé. Nígbà tí obìnrin bá ń gúnyán, ẹni tí ó jókòó lórí ẹní nínú yàrá kejì yóò mọ̀ ọ́n lára. Omi tí ó wà nínú igbá lẹ́bàá rẹ̀ yóò máa mì. Ọmọ odó kò fi ara kan igbá. Ilẹ̀ ni ó gbé agbára náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ilẹ̀ tilẹ̀ le lójú, a máa tẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹrù, a sì máa padà sí ipò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí rọ́bà. Bí ó ti ń tẹ̀ tí ó sì ń padà ni ìgbì ń ti ara rẹ̀ jáde, tí ó ń ràn káàkiri bí ìgbì odò tí a sọ òkò sí.

Ẹ jẹ́ kí a gbé odó kúrò, kí a gbé ẹ̀rọ amúnáwá ńlá sí ipò rẹ̀, èyí tí ń yí ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ̀rọ náà ti ń ti ilẹ̀ ni ilẹ̀ ń ti ẹ̀rọ padà. Ẹ̀rọ àti ilẹ̀ tí ó gbé e dúró ní ìwọ̀n kan tí wọ́n fi ń gbọ̀n bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ fún ara wọn. Bí ìyí ẹ̀rọ bá wá ṣe déédé pẹ̀lú ìwọ̀n náà, gbígbọ̀n yóò máa ga sí i, gẹ́gẹ́ bí jangirọ́fà ti ń fò sókè sí i nígbà tí a bá ń tì í ní àkókò tí ó yẹ gan-an. Ìdè yóò tú, ìpìlẹ̀ yóò là, ilé tí ó wà nítòsí yóò sì jìyà ohun tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní láti mọ ibi tí ewu wà kí ó tó ró kọnkéré sílẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn náà.

Awójọbí kọ́ ni ó kọ́kọ́ bèèrè. Ní ọdún 1904, Horace Lamb, onímọ̀ ìṣirò ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìṣirò bí ìgbọ̀nrìrì ti ń ràn lórí ilẹ̀ bí agbára bá kọlu ojú kan ṣoṣo. Ní ọdún 1936, Eric Reissner gbé ìpìlẹ̀ roboto sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì wá bí yóò ti gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí ó le bí ojú ẹja. Lábẹ́ ìpìlẹ̀, a mọ bí ilẹ̀ ti ń rìn, nítorí ohun líle kan náà ni ó tẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ sì ń lọ pọ̀. Ohun tí a kò mọ̀ ni bí ẹrù náà ti pín káàkiri abẹ́ rẹ̀. Ní ìta ìpìlẹ̀, a mọ ẹrù, nítorí kò sí ẹrù kankan níbẹ̀. Ohun tí a kò mọ̀ ni bí ilẹ̀ ti ń rìn. Ìbéèrè olójú méjì ni: ohun tí a mọ̀ ní apá kan ni a ń wá ní apá kejì.

Ọ̀nà àbùjá tí wọ́n ń gbà ni pé kí a fojú díwọ̀n bí ẹrù ti pín, kí a sọ pé ó tẹ́ dọ́gba lábẹ́ gbogbo ìpìlẹ̀, kí a sì máa bá ìṣirò lọ. Èyí rọrùn, ṣùgbọ́n ohun líle kì í tẹ ilẹ̀ dọ́gba. Etí rẹ̀ ni í máa ń jẹ ilẹ̀ jù, bí ẹni tí ó bá fi ìsàlẹ̀ ìkòkò tẹ amọ̀ tútù yóò ti rí i.

Awójọbí kò gba ọ̀nà àbùjá náà. Òun àti olùkọ́ rẹ̀, Peter Grootenhuis, kọ ìdọ́gba ìṣirò méjì tí ó ní láti jẹ́ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan fún abẹ́ ìpìlẹ̀, èkejì fún ìta rẹ̀, wọ́n sì wá ọ̀nà láti tú méjèèjì pọ̀ ní ìpele-ìpele. Bí ẹrù ti pín kò tún jẹ́ ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé kalẹ̀. Inú ìdáhùn ni ó ti jáde. Wọ́n wo ìpìlẹ̀ roboto, wọ́n sì wo èyí tí ó gùn lọ bí ògiri. Wọ́n wo èyí tí ń lọ sókè sódò àti èyí tí ń mì sọ́tùn-ún sósì. Ẹgbẹ́ Royal Society ti Lọ́ńdọ̀nù tẹ iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé ìròyìn wọn ní ọdún 1965. Ọmọ ọdún 28 ni Awójọbí nígbà náà, kò tíì gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Irú ìṣirò yìí a máa fi ohun kan hàn tí ó ya ni lẹ́nu. Bí ilẹ̀ bá lọ jìnnà sísàlẹ̀ láìsí ìdènà, ìgbọ̀nrìrì yóò rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohunkóhun tí ń dá a dúró, nítorí pé ìgbì ń gbé agbára lọ, kò sì sí ògiri kankan tí yóò dá a padà. Ṣùgbọ́n bí àpáta bá wà nísàlẹ̀, ìgbì yóò kọlù ú, yóò sì padà bọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Awójọbí gbé ìwádìí rẹ̀ lọ sórí irú ilẹ̀ tí ó ní ìsàlẹ̀ báyìí.

Ó tún ṣe ohun mìíràn tí ó ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ sábà máa ń ṣe bí ẹni pé ilẹ̀ rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Agbẹ́kànga èyíkéyìí mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀: ibi tí ọkọ́ bá bẹ̀rẹ̀ rọ̀, bí a sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni ilẹ̀ sábà máa ń le sí i. Robert Gibson, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ti wo ilẹ̀ tí líle rẹ̀ ń pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú jíjìn rẹ̀, ní ọdún 1967, ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹrù tí ó dúró jẹ́ẹ́ ni. Awójọbí bèèrè bí irú ilẹ̀ náà yóò ti ṣe bí ẹrù bá ń gbọ̀n. Òun àti Gibson jùmọ̀ kọ ìwé lórí irú ilẹ̀ yìí ní ọdún 1973. Awójọbí tún fi hàn bí a ṣe lè ti ìwọ̀n tí ìpìlẹ̀ fi ń mì mọ bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti le tó, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹni tí kò gbẹ́ ilẹ̀ lè bi ilẹ̀ léèrè, kí ilẹ̀ sì dá a lóhùn.

Ní Àkọkà

Ní ọdún 1966 ni ó padà sílé, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà náà. Ó di olórí ẹ̀ka ìmọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ níbẹ̀. Ní ọdún 1974 ni Imperial College fún un ní oyè D.Sc., oyè tí ó ga ju ti ọ̀mọ̀wé lọ, tí a kì í sì í fúnni àfi nítorí àkójọ ìwádìí tí ó ti la ojú ọ̀nà tuntun. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gbà á níbẹ̀ nínú ìmọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní ọdún yìí kan náà ni Yunifásítì Èkó sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún un ní orúkọ Òmìrán Àkọkà. Wọ́n sì tún ń pè é ní Dead Easy, èyí tí í ṣe pé ohun tí ó le lójú wọn, ó rọrùn lójú tirẹ̀.

Kò fi ara rẹ̀ mọ́ yàrá ìwé. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ọ̀nà, ó bọ́ sí apá ọ̀tún, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ sì wà tí sitíárìn wọn wà ní ọwọ́ tí kò bá ọ̀nà tuntun mu mọ́. Awójọbí tú ọkọ̀ Opel tí ẹbí rẹ̀ ń lò, ó gbé sitíárìn rẹ̀ láti ọ̀tún lọ sí òsì. Lẹ́yìn náà ó mú ọkọ̀ jíìpù irú ti ológun, ó fi sitíárìn kejì sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ṣe é tí ó fi lè fi gbogbo jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn sí ìhà méjèèjì láìjẹ́ pé a yí orí rẹ̀ padà. Autonov 1 ni ó pe ọkọ̀ náà. Lórí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú, àwọn ará ilé mọ ojú rẹ̀ nínú ètò ìdíje ìmọ̀ tí ń jẹ́ Mastermind, níbi tí ó ti ń bi àwọn olùdíje ní ìbéèrè.

Ìdá Méjì Nínú Mẹ́ta

Ní ọdún 1979 ni ìṣirò àti òṣèlú pàdé lójú gbogbo ènìyàn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ, àwọn ará Nàìjíríà dìbò láti yan ààrẹ. Shehu Shagari ní ìbò 5,688,857. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ, ní 4,916,651. Ṣùgbọ́n òfin kò fi mọ sí ibi tí ìbò ti pọ̀ jù. Ó ní ẹni tí yóò jẹ ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ni ó wà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 jẹ́ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Shagari ní iye tí ó yẹ ní ìpínlẹ̀ 12. Ní Kánò, tí ó ṣe ìkẹtàlá, ó ní ìbò 243,423 nínú 1,220,763, èyí tí kò tó ìdá kan nínú márùn-ún.

Àjọ elétò ìdìbò pín Kánò. Wọ́n mú ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìbò Kánò, èyí tí ó jẹ́ 813,842. Wọ́n mú ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ó jẹ́ 203,460 àti ààbọ̀. Wọ́n ní ìbò Shagari ju èyí lọ, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ. Awólọ́wọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́, Awójọbí sì fi ìmọ̀ rẹ̀ dúró tì í.

Ẹni tí ó bá fi ojú ìṣirò wò ó yóò rí ibi tí ìjà wà. Ìpínlẹ̀ kì í ṣe iṣu tí a lè gé sọ́nà mẹ́ta. Bí 12 kò bá tó, 13 ni ó kàn. Bí a bá sì ní a óò gé e, ó yẹ kí a gé ohun gbogbo tí ó wà nínú rẹ̀ bákan náà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò tí Shagari ní ní Kánò jẹ́ 162,282, èyí tí kò tó 203,460. Nínú ìṣirò àjọ náà, wọ́n gé ìbò Kánò kù, ṣùgbọ́n wọ́n fi ti Shagari sílẹ̀ ní odidi. Àwọn tí ó gbè é lẹ́sẹ̀ náà ní ìdáhùn: wọ́n ní òfin kò kọ 13 sílẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ó kọ, ẹni tí ó bá sì sọ ọ́ di 13 ti fi kún ohun tí òfin béèrè.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1979, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, tí Atanda Fatayi-Williams jẹ́ olórí rẹ̀, dá Shagari láre. Adájọ́ Kayọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ kò bá wọn fọwọ́ sí i. Láti ìgbà náà ni Awójọbí ti di alátakò ìjọba ní gbangba. Ó gbé ìjọba lọ sí ilé-ẹjọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò sì borí. Ó ń sọ̀rọ̀ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn. Ó ṣe é ṣe kí ènìyàn kẹ́dùn pé àkókò tí ọgbọ́n irú rẹ̀ ìbá fi tú ìbéèrè ilẹ̀ tí ń gbọ̀n ni ó lò lórí ẹjọ́ tí kò ṣe é borí. Ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni ó ń tẹ̀ lé. Ẹni tí kò gbà kí a fojú díwọ̀n bí ẹrù ti pín lábẹ́ ìpìlẹ̀ kò lè gbà kí a fojú díwọ̀n bí ìbò ti pín láàárín ìlú.

Ìgbẹ̀yìn Rẹ̀

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1984 ni Awójọbí kú, ní ẹni ọdún 47. Kò dàgbà tó ẹni tí í fẹ̀yìn tì. Awólọ́wọ̀, tí ó fi ọdún 28 jù ú lọ, sìn ín ṣáájú, kí òun náà tó papò dà ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 1987. Ní Onike, lẹ́bàá Yunifásítì Èkó, ère Awójọbí dúró ní oríta títí di òní.

Ìdájọ́ méjì ni ayé ṣe lórí ìṣirò rẹ̀. Ní ilé-ẹjọ́, kò gbà. Ìlú sì yí ìbéèrè náà padà láìdáhùn rẹ̀: láti ọdún 1996 tí ìpínlẹ̀ ti di 36, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 24 géérégé, kò sì sí Kánò tí ẹnikẹ́ni yóò gé mọ́. Láàárín àwọn onímọ̀, ìdájọ́ náà yàtọ̀. Àwọn tí ń kọ́ ìpìlẹ̀ fún ẹ̀rọ àti àwọn tí ń wádìí ilẹ̀ tí ń le sí i nísàlẹ̀ ṣì ń dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé wọn, ní àwọn ìlú tí wọn kò ti gbọ́ orúkọ Ìkòròdú rí. Ilẹ̀ kò mọ ẹni tí ó wà lórí oyè. Bí a bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, ìpìlẹ̀ yóò dúró. Bí a bá fojú díwọ̀n, yóò là.